Omi Tó Mọ́ Jù

Ẹ̀gbọ́n mi Fusae,

Ẹ kú òtútù Sapporo o. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ìyá ọkọ yín tí eyín ń dùn. Àlàáfíà la wà. Orúnkún ìyàwó mi ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń gun àkàsọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí lórí rú. Ewé òkun tí à ń gbìn sórí àwọ̀n ò dúdú mọ́, ó ti pupa rúsúrúsú. Oníbàárà wa rí i, ó ní, "Baba, ṣé ewé tíì lẹ wá tà fún mi ni?" Àwọn onímọ̀ wá wọn omi, wọ́n ní ó mọ́ jù, ewé ò rí nǹkan jẹ nínú ẹ̀.

Ó mọ́ jù kẹ̀! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sórí pátákó ní ogójì ọdún sẹ́yìn pé, "Ẹ fọ òkun wa mọ́," tí àwa méjèèjì gbé e kiri ìlú?

Lánàá, èmi arúgbó yìí wọ adágún omi àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, à ń ru ẹrẹ̀ sókè kó lè ṣàn lọ bọ́ ewé lókun. Ẹrẹ̀ o! Alága ẹgbẹ́ wa sì ti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá, pé kí ìlú má fọ omi ẹ̀gbin mọ́ tónítóní kó tó dà á sókun. Gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i, ó ku èmi. Pátákó yín ṣì wà lára ògiri níbi tí mò ń kó àwọ̀n sí. Ṣé ojú ẹ̀ náà ni n ó ti wá fọwọ́ sí ìwé yìí?

Ẹ tètè fèsì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ó pẹ́ fún wa o.

Mo fi ewé kan sínú lẹ́tà yìí. Ẹ gbé e lé orí ọ̀rọ̀ mi, ó ti ṣá débi pé ẹ ó ṣì rí i kà ketekete gba inú ẹ̀.

Àbúrò yín,
Isokichi