Àga Mẹ́sàn-án Tí Ọkọ Mi Kàn

Olóòtú ètò orí rédíò wa, ẹ kú làákàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Káfíńtà lọkọ mi. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe é, ó fún un lóògùn. Kò pẹ́ sígbà náà, oníbàárà ní kó kan àga mẹ́rin, ó kan mẹ́sàn-án! Kò sùn, orin ló ń kọ. Gbogbo ilé ń yọ̀ pé ara ti yá. Èmi rántí pé bó ṣe ṣe nìyẹn lọ́dún tó kọjá, kó tó dùbúlẹ̀ oṣù méjì gbáko.

Mo bá gbé àga kan rù, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ní, “Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kọ́ ló kan èyí.” Ó jókòó sórí ẹ̀, ó da ìbéèrè bò mí. Ó ní àìsàn méjì ló jọra, àmọ́ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú wọn yàtọ̀; nínú tọkọ mi, ọkàn a máa lọ sókè, a sì tún máa wálẹ̀. Ó pààrọ̀ oògùn.

Ní báyìí, tí wọ́n bá ní mẹ́rin, mẹ́rin ló ń kàn. Èmi náà wá ń yan fanda! Àmọ́ ìyá ọkọ mi ní ìtìjú ni, kí n panu mọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n panu mọ́? Pẹ́ńsù tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, ọkọ mi ló yọ ọ́ lẹ́yìn etí ara ẹ̀ fún mi.