Àdúrà Tí Kò Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Ojú Omi Gbéra

Abúlé Houmafisi,
Erékùṣù Fonualahi,
Vavaʻu, Tonga.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2019.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi Matangi Lelei,
Etíkun Neiafu.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FAGI LÉ ÌWÉ ÀṢẸ KẸSÀN-ÁN

1. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ara ọkọ̀ yín lóṣù tó kọjá pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tú okùn títí ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù nínú èrò yóò fi gbàdúrà. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé. N kò tíì rí òfin tó dùn ún kà tó bẹ́ẹ̀, tó sì ṣòro lò tó bẹ́ẹ̀.

2. N kò bá àdúrà jà. Èmi náà máa ń gbà á, àgàgà tí mo bá wo bí ìpẹtà ti jẹ ara ọkọ̀ yín tó. Tẹ́lẹ̀, Kápútẹ́nì Feleti ló ń gbà á, kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ.

3. Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó yẹ ká gbéra. Alàgbà ìjọ méjì ló wà nínú ọkọ̀, Kolotau àti Semisi. Ẹ mọ̀ bí àwa ti rí: ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ga jù?

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa gbà á," ni Kolotau wí.

"Èmi kẹ̀? Níbo ni mo ti tó bẹ́ẹ̀ níwájú yín?" ni Semisi fèsì.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é títí oòrùn fi mú. Lavinia Taufateau, opó tó ń hun ẹní ládùúgbò mi, pariwo: "Ẹ̀yin bàbá, Ọlọ́run ti jí tipẹ́! Ẹ jẹ́ á máa lọ!"

"Ẹ ṣe sùúrù, màmá. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni," ni Kolotau wí.

Kápútẹ́nì nawọ́ sí ìwé yín. "Ẹ má bá mi wí o. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Aago mẹ́jọ ti kọjá kí oorun tó gbé Semisi lọ. Kolotau kò rí ẹni tí yóò bọ̀wọ̀ fún mọ́, ló bá gbàdúrà. Ó sì gùn.

4. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni dókítà ojú tó wá láti òkèèrè dá fún Lavinia ní ilé ìwòsàn Neiafu. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́. Ọ̀tún ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó má baà fọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí a dé, dókítà ti wọ bàlúù lọ.

5. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ni dókítà náà yóò padà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá àdúrà padà sọ́wọ́ kápútẹ́nì. Bí ipò rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Lavinia ní òun yóò gbà á fúnra òun. Ó ti kọ́ ọ sórí: "Baba, gbé wa débẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Àmín."

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń wọ ọkọ̀ yín,

Siosaia Fonokalafi,
Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.