Àgádágodo Mi Ṣì Wà Lára Fáàfù Yẹn

Yàrá Ẹ̀bá Àtẹ̀gùn,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

N kò gbá ọ̀gá mi létí. Jẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ yé ọ ná kí n tó kí ọ. N kò gbá a létí, n kò tutọ́ sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò wọ́ mi jáde. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn jáde, mo tún yà mu omi lẹ́nu ẹ̀rọ kí n tó lọ. Mo mọ ẹni tó gbé ìròyìn yẹn dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa lókè ni. Kò sí níbẹ̀. Ariwo ló gbọ́ láti ojú fèrèsé, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù.

Ó dáa, mo wá kí ọ wàyí. Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi èyí kékeré sílẹ̀? Àtàǹpàkò tí o fi òòlù gbá, ṣé èékánná tuntun ti ń yọ? Iṣẹ́ pákó ńkọ́? Ṣé bàbá tó ní ilẹ̀kùn tí o kàn fún òun ga ju ẹnu ọ̀nà lọ ti gbà pé ilé òun ló rì? Màmá mi ńkọ́? Ìwọ lo sún mọ́ wọn. Bá mi ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, ṣùgbọ́n fo gbogbo ibi tí o bá ti rí ásíìdì, kí wọ́n lè rí oorun sùn.

Èmi náà wà dáadáa. Wọ́n ní kí n lọ rọ́kún nílé, mo sì ń rọ́kún náà. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n máa gbé ìwé kan síwájú mi kí n fọwọ́ sí i pé mo jẹ̀bi, pé mo tẹ àṣẹ ọ̀gá mi lójú, àti pé mo bẹ̀bẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ sí i, mo padà síṣẹ́. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. N kò ní fọwọ́ sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn páìpù tó ń gbé ásíìdì bọ̀ láti inú táǹkì òkè ń jò ní oríkèé, níbi tí a ti so ó pọ̀. Èmi àti Bàbá Páìpù ni wọ́n ní ká lọ tú u, ká pààrọ̀ wáṣà inú rẹ̀. O rántí Bàbá Páìpù, àgbàlagbà tí mo sọ fún ọ pé ó máa ń kí páìpù kó tó fọwọ́ kàn án, "Páìpù, ẹ kú ìdúró o." Òun ló kọ́ mi níṣẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í kàn dìde kó lọ tú irú páìpù bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ kan wà tí gbogbo wa ń pè ní pámíìtì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, aṣọ tí o gbọ́dọ̀ wọ̀, ìgbà tí àṣẹ náà máa tán, ẹni tó ti fáàfù, ìyẹn ohun tí a ń yí láti ṣí ọ̀nà inú páìpù tàbí láti dí i, àti ẹni tó fa ohun tó wà nínú páìpù dànù. A kì í fọwọ́ sí i nínú ọ́fíìsì. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ bá ọ dé ìdí páìpù, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà, ìwọ tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ máa fi àgádágodo tìrẹ há fáàfù náà, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò rẹ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ ṣí i. Ọ̀gá wa gan-an ló kọ́ wa ní gbogbo èyí, ó sì kọ́ wa dáadáa. Òun náà ti tú páìpù rí kó tó di ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n ìkánjú ti wọ̀ ọ́ lára. Ó-ti-ṣetán la ń pè é lẹ́yìn, nítorí ohunkóhun tí o bá bi í, èsì rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé pámíìtì wá bá wa. Orí àga rẹ̀ ló ti fọwọ́ sí i tán. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ta ló ti fáàfù òkè?" Ó ní, "Ó ti ṣetán." Mo ní mi ò bèèrè bóyá ó ti ṣetán, ẹni tó tì í ni mo ń bèèrè. Ó fa wọkí-tọkí yọ, ó ké sí Onípọ́ńpù tó wà lókè.

"Ṣé ẹ ti pa á?"

"A ti pa á, ọ̀gá!"

Ó yíjú sí mi. "Ṣé etí ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ pa. Mi ò gbọ́ tì."

"Ṣé tíṣà èdè lo wá dà níbí ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Pọ́ńpù la máa ń pa. Fáàfù, títì là ń tì í."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Iná, obìnrin gíga tó jẹ́ wẹ́dà wa, tó ń fi iná jó irin, ní kí wọ́n tètè bá tíṣà wá ṣọ́ọ̀kì. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí i pé Bàbá Páìpù ti gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì. Wọ́n ti ní a ti pa á, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan oríkèé páìpù náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí." Mo gun òkè lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, fáàfù náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lóòótọ́ ni wọ́n ti pa pọ́ńpù. Onípọ́ńpù kò parọ́, ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Ṣùgbọ́n táǹkì kún lókè, àwa wà nísàlẹ̀, ásíìdì kò sì nílò pọ́ńpù kó tó ṣàn wá bá wa. Mo yí fáàfù náà títí ó fi le, mo fi àgádágodo mi há a, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí. Mo rò pé Ó-ti-ṣetán máa ní ká fa pámíìtì yẹn ya, ká kọ òmíràn. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "O ti tì í báyìí, àbí? Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ tú u." Mo ní kò parí, ásíìdì ṣì wà nínú páìpù, pámíìtì sì ń sọ pé a ti fà á dànù. Mo ní irọ́ ló wà nínú ìwé yẹn. Bóyá ó yẹ kí n wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, irọ́ náà ni orúkọ rẹ̀. Inú bí i. Ó ní òun máa tú u fúnra òun. Mo dúró síwájú páìpù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gba abẹ́ apá mi kọjá, bó ṣe gbórí sókè báyìí, ó fi akoto orí rẹ̀ sọ irin tó wà lókè wa, gbàà! Akoto bọ́ sílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri lọ. Ìgbátí tí gbogbo abúlé ń sọ nìyẹn. Irin ló gbá a.

Ìyá Iná gbé ike wá sábẹ́ ibi tí a ti ń fa páìpù, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí i díẹ̀. Ásíìdì tú jáde, ó ta sílẹ̀, símẹ́ńtì ń hó. Bàbá Páìpù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá.

Síbẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n lọ rọ́kún. Ọ̀gá àgbà ní mo pe ọ̀gá mi ní òpùrọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí n tó lọ. Mo fàáké kọ́rí. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ pámíìtì tuntun ní ìdí páìpù, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣíṣí ni mo bá fáàfù, mo máa ṣí i. Bí mo ṣe jáde ni wọ́n ní kí Ìyá Iná lọ gé àgádágodo náà. Ó ní iná òun kì í jẹ àgádágodo ẹni tó ṣì wà láàyè.

Lánàá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi níbí. Ó ní kí n fọwọ́ sí i, pé ìwé lásán ni. Ó ní, "Ta lo tiẹ̀ rò pé o jẹ́? Ṣebí ìwé mẹ́fà lo kà lábúlé." Mo ní, "Ìwé mẹ́fà yẹn náà ni mo fi ka pámíìtì." Ó pòṣé, ó lọ. Kò yé e. Bí mo bá fọwọ́ sí i pé mo jẹ̀bi, a jẹ́ pé fáàfù tó ṣí sílẹ̀ ló jàre. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá tún bèèrè ẹni tó tì í, ìwé tèmi ni wọ́n máa nà sí i lójú pé kó gbẹ́nu dákẹ́. Ẹlòmíì yẹn lè má rí ẹni di ọwọ́ rẹ̀ mú.

N kò ní tàn ọ́, àyà mi ń já díẹ̀. Bí wọ́n bá lé mi, mò ń bọ̀ wá bá ọ la pákó, kí o yáa wá òòlù sílẹ̀. Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí tíṣà wa àtijọ́ tó ń fi etí mi ṣeré. Sọ fún màmá mi pé mò ń jẹun.

O bèèrè nínú lẹ́tà rẹ bóyá ó ku ẹnì kan tó dúró tì mí. Irin tí a fi há fáàfù yẹn ní ihò púpọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lè fi àgádágodo tirẹ̀ kọ́ ọ. Jẹ́ kí n kà wọ́n fún ọ bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi. Bàbá Páìpù lọ kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi láàárọ̀ ọjọ́ kejì: ọ̀kan. Ìyá Iná: èjì. Onípọ́ńpù, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: ẹ̀ta. Má ka ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bí màmá mi bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán tí wọn ò ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀, fi wọ́n ṣe ẹ̀kẹrin, kí o sì kọ̀wé sọ fún mi kíá.

Tìrẹ ni mí, wọ́n gbà mí padà o, wọn ò gbà mí o,

Olóríkunkun.