Ènìyàn Ni Ẹni Tó Wá sí Ẹnu Ọ̀nà Mi

Ojúlé Kọkànlá,
Ẹ̀yìn Ọjà Mile One,
Diobu, Port Harcourt.
Ogúnjọ́ Oṣù Kẹrin, Ọdún 1970.

Alábòójútó Àgbà,
Ìjọ Òkè Ìmọ́lẹ̀,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, Ẹni Ọ̀wọ̀ Àríyọ̀,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ÌGBÌMỌ̀ ÌJỌ PORT HARCOURT MÁ ṢE SIN AṢỌ TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ DÍGÍ SÍNÚ ÌPÌLẸ̀ ILÉ ÀDÚRÀ, KÍ WỌ́N DÁ A PADÀ FÚN MI

1. Ọjọ́ méjìléláàádọ́ta lé ní ẹgbẹ̀rún ló pé lónìí tí mo ti fojú kàn yín gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ọdún 1967 ni, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ dúró ti ọkọ̀ tó kó ẹrù yín, ẹ ń bẹ ọkọ mi, Augustine Akínbíyìí, tí ẹ fi ṣe olùkọ́ Bíbélì nínú ìjọ wa, pé kí a jọ máa lọ sílé. Ọkọ mi dá yín lóhùn pé ìyá mi kò lè jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan, áḿbọ̀sìbọ́sí ọjọ́ kan gbáko, àti pé ìyá mi, tí í ṣe ọmọ Ikwerre, onílẹ̀ ìlú yìí, kò ní ilé mìíràn tí yóò sá lọ. Mo kọ́kọ́ rán yín létí èyí nítorí pé nínú gbogbo àgbà ìjọ, ẹ̀yin nìkan ló kù tí ẹ mọ ọkọ mi. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ báyìí, ìgbà tí ogun ti kọjá ìlú yìí ni iṣẹ́ ìjọba gbé wọn wá.

2. Ní oṣù kejì ọdún 1968, àwọn kan wá mú ọkọ mi níbi iṣẹ́ wọn ní èbúté, nítorí orúkọ Yorùbá tí wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀ ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní àtìmọ́lé. Ní ọjọ́ kejìlá, àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ fún mi pé a ti kó ọkọ mi àti àwọn mìíràn kúrò nígboro, kí n gbé abọ́ mi padà. N kò mú ẹjọ́ ìyẹn wá fún yín. Ogun ló ni ín.

3. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún náà, gbogbo Diobu ń sá lọ. Ìbọn ńlá ti ń dún láti ìhà odò. Àwọn ènìyàn ru ẹní, wọ́n ru ìkòkò, wọ́n ru ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n forí lé ọ̀nà Aba. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà nítorí ìyá mi tí kò lè dìde. Mo wá rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀. Òun nìkan ló kọjú sí ibi tí gbogbo ayé kẹ̀yìn sí. Ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó sì pè mí ní Àtọ́kẹ́. Màmá Bùnmi ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àtọ́kẹ́ ní Diobu àfi ọkọ mi.

4. Ó béèrè omi. Mo po gààrí fún un, ó mu ún tán, ó lá abọ́. Lẹ́yìn náà ló tú aṣọ káàkì ara rẹ̀ kan tó ká sọ́wọ́, ó mú awò ojú ọkọ mi jáde nínú rẹ̀. Èdè Pìjìn tí gbogbo wa ń sọ níbí ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ni òun ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìletò Eneka, níbi tí wọ́n kó ọkọ mi àti àwọn mìíràn sí. Ó ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa ọkọ mi, ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Àwọn tó kú ṣáájú, inú kòtò kan náà ni wọ́n ń kó wọn sí, wọn a sì wọ́n ẹfun lé wọn lórí. Ẹfun yẹn ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi, ó ní òun fi ọwọ́ ara òun gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn lọ́tọ̀, nítorí pé wọ́n ti kọ́ òun ní Sáàmù mẹ́rin, wọ́n sì ń pe òun ní ọmọ. Ó ní òun nìkan ló mọ ibẹ̀, àti pé òun yóò padà wá mú mi lọ nígbà tí ọ̀nà bá là. Iṣẹ́ tí ọkọ mi rán an kò ju èyí lọ: "Sọ fún Àtọ́kẹ́ pé kò dùn mí mọ́."

5. Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, kò sí ẹni tó lè nà yín títí tí yóò fi jáde lẹ́nu yín." Ó fi aṣọ káàkì náà sílẹ̀ fún mi, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń tiro, nítorí pé àwọn ọmọ ogun wà lójú títì, bí wọ́n bá sì rí i, ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò jẹ́ lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i nígbà tó ń lọ.

6. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí a tún ṣí ìjọ, ní oṣù kẹfà, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kún ìjókòó iwájú. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde, mo dìde, mo dúpẹ́ pé wọn kò ju ọkọ mi sínú kòtò. Ọ̀gá ológun kan fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ta ló sọ fún yín, màmá? Ọ̀nà ibo ló gbà?" Inú rere ló fi béèrè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tó ń tiro yẹn ni mo rí lójú mi, nítorí ẹ̀ṣọ́ ọ̀tá ni yóò jẹ́ lójú wọn. Mo ní, "Áńgẹ́lì Olúwa ni." Gbogbo ìjọ hó yèè. Wọn kò tún béèrè ọ̀nà tó gbà mọ́. Irọ́ ni mo pa, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà, màá tún un pa.

7. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìjọ. Kò ju oṣù kan lọ, wọ́n wá gba aṣọ káàkì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi í sínú àpótí dígí lẹ́bàá pẹpẹ. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Ọjọ́rú, wọ́n ń wá sí iwájú ilé mi, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń da omi sí ibi tó dúró sí, wọ́n sì ń gbé àsíá kan tí wọ́n ya áńgẹ́lì tó ní ìyẹ́ apá sí lára. N kò janpata. Ogun ṣì ń lọ, irọ́ náà ṣì ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, mo lọ bá ìgbìmọ̀, mo sọ òtítọ́ bí mo ti kọ ọ́ síbí yìí.

8. Ìgbìmọ̀ kò gbà. Nínú ìwé tí wọ́n kọ sí mi, wọ́n ní ẹni tó funfun, tó mọ orúkọ tí ayé kò mọ̀, tí a kò sì rí nígbà tó ń lọ, kì í ṣe ènìyàn. Wọ́n ní ṣé n kò rí àgbélébùú tí a fi òwú pupa rán sí etí aṣọ náà ni. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ìjọ pé áńgẹ́lì Olúwa tó bá Hágárì sọ̀rọ̀ létí kànga, tó sì fara han Mánóà àti aya rẹ̀, Olúwa fúnra rẹ̀ ni, nítorí náà àfojúdi ni kí opó kan máa wá A kiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́. Wọ́n fi kún un pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ máa da orí mi rú, wọn yóò máa gbàdúrà fún mi. Ní Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, wọn yóò fi ìpìlẹ̀ ilé àdúrà lélẹ̀ níwájú ilé mi, wọn yóò sì sin aṣọ náà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú símẹ́ńtì.

9. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ ó rántí Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tí ẹ̀yin àti ọkọ mi fi jiyàn lórí áńgẹ́lì yìí. Ọkọ mi ní ìránṣẹ́ ni. Pé nígbà tí ìlàrí Aláàfin bá dé ìlú, tó sì sọ pé "Èmi ni mo pàṣẹ," kò sí ọmọdé tó máa rò pé ìlàrí náà ni Aláàfin. Ẹ ní ẹnikẹ́ni kì í rúbọ sí ìlàrí. Ọkọ mi ní kí ẹ tún un kà, pé áńgẹ́lì náà sọ fún Mánóà pé bí yóò bá rúbọ, Olúwa ni kí ó rú u sí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Augustine, a ó bi Olúwa nígbà tí a bá dé ọ̀hún." Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ti dé ọ̀hún báyìí. Bóyá wọ́n ti béèrè. N kò ní ìwé tí mo fi lè là yín níjà, n kò sì wá láti sọ ẹni tó jàre. Ohun tí mo mọ̀ ni pé áńgẹ́lì tí Mánóà se oúnjẹ fún kò fi ẹnu kàn án. Èyí tí mo rí lá abọ́.

10. Nípa àgbélébùú: Làtífù alágbàfọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú ọjà Mile One, bá mi lọ wo àpótí náà ní oṣù kejì. Mùsùlùmí ni, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ìjọ títí wọ́n fi ní kó wọlé. Bó ti wò ó ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Bùnmi, bí ọ̀run bá ń gbé aṣọ fún alágbàfọ̀, wọn ì bá ti pè mí." Ó ṣàlàyé fún mi pé gbogbo alágbàfọ̀ ló ní àmì tó ń rán sí aṣọ kí ti oníbàárà kan má baà lọ bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ẹni tó fọ aṣọ ló ni àgbélébùú. Iye ojú abẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ oníbàárà. Ó mọ alágbàfọ̀ méjì tó ń rán àgbélébùú ní Diobu kí ogun tó dé. Ọ̀kan ti padà láti Aba, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n etí aṣọ náà ká, dígí kò jẹ́ kí a rí ìsàlẹ̀ àmì náà. Ó di ìgbà tí aṣọ bá wà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá da símẹ́ńtì lé e, orúkọ ọmọ náà lọ nìyẹn, ibi tí ọkọ mi sùn sí sì bá a lọ.

11. Ó ku ohun kan tí kì í jẹ́ kí n sùn. Ní Ọjọ́rú méjì nínú oṣù kẹta, aládùúgbò mi Boma, tó ń yan ẹja ní òdìkejì títì, rí ọkùnrin kan tó gbẹ bí igi, tó dúró tì í, tó ń wo èrò níwájú ilé mi. Ó ń wo àwọn sójà tó wà láàrin wọn. Ó bi Boma pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ilé ìyá yẹn?" Boma ní, "Áńgẹ́lì ló bẹ̀ wọ́n wò nígbà ogun." Ó ní ọkùnrin náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀mejì, "Áńgẹ́lì? Áńgẹ́lì?", ó sì lọ. Mo bi Boma bóyá ó ń tiro. Ó ní èéfín ẹja wà lójú òun. Àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọmọ yẹn kò bẹ̀rù ìbọn nígbà tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọkọ mi. Mo ń bẹ̀rù pé orin wa ló lé e padà.

12. Ojú rẹ̀ gan-an ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá di ojú mi láti rántí rẹ̀, ojú tí wọ́n yà sára àsíá ni mo ń rí, ó mọ́ roro, kò ní ebi, kò ní ẹfun lára. Nígbà mìíràn, ojú yẹn náà ni ọkọ mi ń gbé wá bá mi lójú àlá.

13. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tí ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n fi aṣọ náà lé mi lọ́wọ́. Kí ẹ sì jọ̀wọ́ sọ fún wọn kí wọ́n kó àdúrà Ọjọ́rú lọ sínú ilé ìjọsìn, kí ẹnu ọ̀nà mi lè ṣófo fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé mo parọ́, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí i. Bí òfin ìjọ bá ní kí n má jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ọdún kan tàbí méjì nítorí irọ́ náà, n kò ní jiyàn.

14. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní apá Eneka kò pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ dé lọ. Láti ìparí oṣù kejì ni mo ti ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Mo ti dé mẹ́ta, mo sì ti bi àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bóyá wọ́n mọ ibi tí a sin ọkọ mi sí. Bí èsì yín dé, bí kò dé, èmi yóò máa lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni ọmọ ìjọ yín,

Àtọ́kẹ́ Akínbíyìí (Ìyáàfin),
Opó olóògbé Augustine Akínbíyìí.