Èmi Kò Gbé Májèlé Jẹ

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Mo kí ọ nítorí pé ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kíni ni o, inú ń bí mi. Orí bẹ́ẹ̀dì kejì ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ni mo wà láti ọjọ́ Àìkú.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́ ló dá a sílẹ̀. O ní kí n máa lo hóró kan láràárọ̀, kí n má fo ọjọ́ kankan. Iṣẹ́ òrùlé ilé-ìwé kan gbé mi kúrò nílé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì gbàgbé oògùn sílé, nítorí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó ń bá mi dì í sápò. Nígbà tí mo dé, mo lo mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè lé ọjọ́ bá. Kí ló burú níbẹ̀? Bí mo bá pẹ́ lórí àga mẹ́sàn-án tí oníbàárà ní kí n kàn, ṣé n kì í jókòó kàn wọ́n pa pọ̀ ni? Kò pẹ́ tí pákó tí mo fẹ́ rẹ́ fi di méjì lójú mi, mo bá ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn aládùúgbò ló gbé mi débí.

Nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní májèlé ni òun kọ sílẹ̀ pé ó ṣe mí. Májèlé! Ó tún rọra béèrè bóyá ayé sú mi. Mo ní ayé ò sú mi, ọmọ mi ló sú mi. Mo ní kó pa á rẹ́, ó ní ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ yẹn kì í jáde mọ́. Ṣé o rí i, gbogbo ìlú ti mọ̀ báyìí pé bàbá rẹ gbé májèlé jẹ.

Ìwé ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n ya òpó-òpó sí láti fi iye àwọn tí májèlé gbé wá síbí hàn. Nọ́ọ̀sì náà ní òpó kúkurú ni ti àwọn tó ń fín oògùn apakoríko láìbo imú, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti àwọn ọmọdé tó mu kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, èyí tó ga jù ni ti àwọn àgbà tó ń dá gbé, tí wọ́n ṣi oògùn lò. Ó nawọ́ sí i, ó ní Bàbá, ibí lẹ wà. Mo ní kó yọ mí kúrò níbẹ̀ kíá, èmi ò dá gbé, mo bímọ. Ó ní ọmọ ọ̀hún dà?

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ara mi ti yá, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kí n lọ àfi kí ẹnì kan fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun á máa mójú tó oògùn mi. Orúkọ rẹ ni mo kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní o wà ní ìpàdé, o wá fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbé fóònù náà fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ mi ti dé, kó fi í tẹ fọ́ọ̀mù. Ó ní fọ́ọ̀mù náà ò gba owó, ènìyàn ló ń gbà.

Ọmọ bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, tó ń wá láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ní òun lè bá mi fọwọ́ sí i bí ọmọ mi. Mi ò tíì dá a lóhùn. Má fi owó kankan ránṣẹ́ mọ́, wá fúnra rẹ. Bó bá di Ọjọ́bọ̀ tí mi ò rí ọ, màá ní kí wọ́n fagi lé orúkọ rẹ, kí wọ́n kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Kí Ọlọ́run bù kún ọ, kó fún ọ ní ọmọ tí yóò gbé ìpàdé sílẹ̀ nítorí rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, títí di Ọjọ́bọ̀.