Obìnrin Inú Fóònù Tó Ka Ìlà Keje

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun dáadáa, ṣé àwọn ará ìlú ńlá ń dá ọ lóhùn bó o bá kí wọn? Ilẹ̀ àjèjì kò ní nira fún ọ, ibi tí wọ́n ti ń lé ẹlòmíràn ni wọn yóò ti máa fún ọ ní ìjókòó. Ara ìyá rẹ le, ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má jẹ́ kó gùn jù.

Fóònù tó o fi ránṣẹ́ gúnlẹ̀ láyọ̀, òun àti obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti ya fọ́tò ìwé, á kà á síta ketekete, á sì máa fi àwọ̀ yẹ́lò tọ́ka ìlà tó ń kà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kì í dáhùn, ó jọ pé ojú ń tì í. Lọ́sàn-án mo máa ń da aṣọ bò ó kó lè sinmi. O ní ilé-iṣẹ́ tí ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ yìí kò ní ilé, pé inú kọ̀ǹpútà ló wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, òjò kò ní ba pákó rẹ jẹ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà, akọ̀wé wa ka àdéhùn tuntun lórí ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní ká máa buwọ́ lù ú. O mọ̀ pé bí ìwé bá ti yọjú, èmi a ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbàgbé awò tí n kò ní. Ìwọ àti ìyá rẹ nìkan lẹ mọ̀ pé lẹ́tà máa ń sá kiri lójú mi bí ìjàlọ. O ní kì í ṣe pé mo gọ̀, pé bí ọpọlọ àwọn kan ṣe ń rí i nìyẹn. Ká ní tíṣà mi mọ̀ ni, ì bá ti gbé ẹgba sílẹ̀.

Akọ̀wé bi mí bóyá mo tún ti gbàgbé awò. Mo ní rárá, mo mú òǹkàwé wá. Nígbà tí obìnrin náà dé ìlà keje, ó ka ohun tí akọ̀wé fò: ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi àti alága nìkan la lé ní ọgọ́ta. Alága ní kó tún un kà. Ó tún un kà, kò bínú. Akọ̀wé ní ẹ̀rọ máa ń purọ́. Alága ní àbúrò akọ̀wé ló ń wá ṣọ́ọ̀bù kiri, kì í ṣe àbúrò ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó buwọ́ lùwé, ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Alága tẹ̀ lé mi délé, ó wo ẹ̀yìn wò, ó wá sọ fún mi pé òun náà kò lè kàwé, pé gíláàsì lásán ló wà lójú òun láti ọjọ́ yìí wá. Ó bi mí ta ló ṣe ẹ̀rọ náà. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra pákó tó dáa. Mo fẹ́ kan àga kékeré fún obìnrin náà, kò dáa kó máa wà lóòró láti àárọ̀.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Tíṣà àdúgbò wa ló ń bá mi kọ ti tẹ́lẹ̀, òun náà gbà pé awò ni mo gbàgbé, ojú sì ń tì mí láti ní kó bá mi kọ ọ́ pé mò ń fi ọ́ yangàn. Bí lẹ́tà kan bá dorí kodò, jẹ́ kí obìnrin inú fóònù tìrẹ kà á fún ọ. Ọlọ́run yóò gbé iṣẹ́ rẹ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
tí kò gbàgbé awò mọ́.