Obìnrin Inú Ìwé Tó Ń Lu Agogo

Ìsọlọ̀, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà, 1961

Inú ń bí mi gan-an. Ọkọ mi ní kí n gbé máṣíìnì ìránṣọ mi kúrò lójúde! Ìwé ìtàn Òyìnbó ayé Ọbabìnrin Fitóríà kan ló kà, ó ní ìyáálé ilé inú rẹ̀ kì í gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pálọ̀ ló ń jókòó sí, á máa rán òdòdó sára áńkáṣíìfù. Bó bá fẹ́ mu tíì, á lu agogo kí wọ́n gbé e wá.

Ìyàwó wo ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ládùúgbò yìí tí wọn ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ìyá tó bí ọkọ mi gan-an, gàrí ló yan títí tó fi rán an níléèwé.

Èmi náà ka ìwé yẹn. Ọmọbìnrin kan ń jí ṣáájú àkùkọ láti dáná fún wọn. Látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá Délé, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá lu agogo, ta ni yóò dá mi lóhùn?”

Ó ní, “Ìyá Délé, fi áyọ́ọ̀nù bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo máa wọ̀ lọ́la.”

Ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì rún lórí àga. Kó lu agogo.